Díákónì àti bọ́ọ̀sì mẹ́jọ: bí àdéhùn bàálù 300 ṣe wọ ìpàdé alájẹṣẹ́kù ní Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo èèyàn àdúgbò Arówómọ̀lé mọ̀ sí Díákónì, ní bọ́ọ̀sì mẹ́rin tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn. Hiace ni mẹ́ta nínú wọn. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, tí wọ́n rà ní owó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kánjú lọ sí òkè òkun. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, oníṣòwò ọkọ̀ kan ní Ìbàdàn pè wọ́n pé Hiace tòkunbọ̀ mẹ́jọ ti gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ òun. Kí Díákónì san ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n sì máa san ìyókù lóṣooṣù fún ọdún méjì. Díákónì bá wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa láti yá owó àsansílẹ̀ yẹn. Èmi ni mò ń bá wọn tọ́jú ìwé owó ọkọ̀, èmi náà sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, nítorí náà ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà gbà kàn mí. Ìgbìmọ̀ ní kí n kọ bó ṣe lọ sílẹ̀ kí àwọn tó bá tún fẹ́ yá owó ọkọ̀ lè rí i kà. Díákónì ní kò burú, bí mi ò bá ṣáà ti kọ orúkọ àbísọ àwọn.

Ìròyìn orí rédíò ni Díákónì gbé wá siwájú ìgbìmọ̀ bí ẹ̀rí. Wọ́n ti gbọ́ pé Ryanair, ilé iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Áílándì tó ń gbé èrò ní owó pọ́ọ́kú, buwọ́ lu ìwé láti ra bàálù 300 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n dìde, wọ́n tún agbádá ṣe, wọ́n ní: "Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní owó táṣẹ́rẹ́ ló ra ọ̀ọ́dúnrún. Èmi tí mo fẹ́ ra mẹ́jọ, ẹ̀ ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi ṣọ́ọ̀ṣì dúró."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí èsì fún wọn. Ìyá tó jẹ́ alága wa yíjú sí mi, wọ́n ní, "Akọ̀wé, lọ wo ọ̀rọ̀ ọ̀ọ́dúnrún yẹn wá fún wa."

Ohun tó wà nínú 300

Oṣù Karùn-ún 2023 ni Ryanair àti Boeing, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe bàálù, ṣe àdéhùn náà, lórí irú bàálù tí wọ́n ń pè ní 737 MAX 10. Nínú 300 yẹn, 150 péré ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn máa gbà. Ẹ̀tọ́ lásán ni 150 yòókù: bí ọjà bá yá nígbà tí àkókò bá tó, wọ́n á gbà á, bí kò bá yá, wọ́n á fi sílẹ̀. Ọdún 2027 ni wọ́n dá fún èyí àkọ́kọ́, 2033 ni wọ́n dá fún èyí tó máa kẹ́yìn. Ryanair fúnra wọn sọ pé nǹkan bí ìdajì ló máa rọ́pò bàálù tó ti ń gbó lọ́wọ́ àwọn. Iye orí ìwé lé ní bílíọ̀nù 40 dọ́là, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra bàálù tó báyẹn kì í san iye orí ìwé. Ẹ̀dínwó ńlá máa ń wà níbẹ̀, àṣírí láàárín olùtà àti olùrà sì ni.

Mo ka èyí fún Díákónì ní iwájú ilé wọn lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní kí n tún ti ọdún yẹn kà. Mo tún un kà: 2027 sí 2033. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Tèmi, lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni ó fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ fún mi."

Ibẹ̀ gan-an ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ yé wọn ju bó ṣe yé èmi gan-an lọ. Àyè lórí ìlà ni Ryanair rà. Wọ́n ra ẹ̀dínwó tí wọ́n ti dúnàádúrà rẹ̀ tán nígbà tí ọwọ́ wọn ga, wọ́n sì ra ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá lórí ìdajì ọjà náà. Ohun tí oníṣòwò Ìbàdàn ń tà fún Díákónì kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bọ́ọ̀sì mẹ́jọ, gbèsè mẹ́jọ, ọjọ́ kan náà.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí rédíò kò sọ. Bàálù 737-800 tí Ryanair fi dàgbà ń gba èrò 189. MAX 10 tí wọ́n ń retí máa gba 228. Awabàálù méjì náà ló máa wa ti tẹ́lẹ̀, méjì náà ló máa wa tuntun. Wọ́n ní epo rẹ̀ máa dín ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, bí wọ́n bá tiẹ̀ kàn fi tuntun rọ́pò àtijọ́ ní oókan sí oókan, ìjókòó tí wọ́n ní láti tà á ti pọ̀ sí i, owó tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan ń ná wọn á sì ti wálẹ̀. Orí ìjókòó ni wọ́n ń gbé ìṣirò wọn kà. Èrò mílíọ̀nù 300 lọ́dún ni wọ́n fojú sùn fún 2034, ìyẹn sì ni wọ́n ń kà sẹ́yìn kí wọ́n tó mọ iye bàálù tí wọ́n máa bèèrè.

Ìwé ìrìnàjò

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gba ìwé tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń kọ ìrìnàjò sí. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé ni, epo ọkọ̀ ti ta sí ẹ̀yìn rẹ̀, bírò onírúurú àwọ̀ ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Díákónì ti pàṣẹ tipẹ́ pé kí wọ́n máa kọ àkókò tí ọkọ̀ wọ páàkì àti àkókò tó jáde. Wọ́n ń kọ ọ́ lóòótọ́, kò kàn sẹ́ni tó ń kà á ni.

Mo ṣí i sí ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Hiace kan wọ páàkì Ògbómọ̀ṣọ́ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kò kúrò níbẹ̀ títí di aago mẹ́sàn-án kọjá nítorí pé òun ló ṣe ìkẹrin lórí ìlà. Ó dé Ìbàdàn, ó tún wọ ìlà níbẹ̀. Ìgbà tó máa padà délé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lọ tó bọ̀. Mo ṣí ọjọ́ mìíràn, bákan náà. Àkókò tí ọkọ̀ fi dúró lójú kan pọ̀ ju àkókò tó fi rìn lọ, kódà lọ́jọ́ tí ọ̀nà Ọ̀yọ́ bá dí. Ẹ̀kẹrin, èyí tí kì í ṣe Hiace, kò tiẹ̀ ní àkọsílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. "Ó wà ní mẹkáníìkì," ni wọ́n kọ síbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fi àmì ọ̀hún kan náà fa gbogbo ìlà ìsàlẹ̀.

Díákónì tún ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó sípéà páàtì sí. Pẹpẹ kan ni ti Hiace mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: bíréèkì, fáànù bẹ́ẹ̀tì, púlọ́ọ̀gì, gbogbo rẹ̀ wọ ara wọn. Pẹpẹ kejì àti ìkẹta ni ti ọkọ̀ kan ṣoṣo yẹn, ìdajì ohun tó wà níbẹ̀ ni wọn ò sì rí lò rí. Mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ní ìlú yìí kò pé méjì.

Ìyẹn ló mú mi rántí Southwest, ilé iṣẹ́ bàálù ìpínlẹ̀ Texas tí Ryanair wo ìṣe rẹ̀ kọ́ṣẹ́. Bàálù mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 1971, Boeing 737 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n gba ẹ̀kẹrin kò pẹ́ sígbà yẹn. Ní 1972, owó wọ́n wọn, wọ́n ní láti ta ẹ̀kẹrin náà. Dípò kí wọ́n dín ìrìnàjò kù, wọ́n ní bàálù mẹ́ta náà ló máa ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Bí bàálù bá ti balẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún gbogbo òṣìṣẹ́ láti já èrò, gbá inú rẹ̀, kó èrò mìíràn wọlé, kí ó sì tún gbéra. Ó sì ṣeé ṣe. Ryanair fi ìṣẹ́jú 25 ṣe tiwọn. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń mú kí bàálù kan ṣe ìrìnàjò tó pọ̀ ju ti ilé iṣẹ́ mìíràn lọ lójúmọ́. Ẹni tí bàálù rẹ̀ ń dúró pẹ́ nílẹ̀ ò lè ta tíkẹ́ẹ̀tì ní owó pọ́ọ́kú kó má jẹ gbèsè.

Mo sọ ìtàn yìí fún Díákónì, mo rò pé wọ́n á bínú nípa ẹ̀kẹrin. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n èmi ò lè pàṣẹ fún páàkì." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Southwest ló ń darí àkókò tiẹ̀. Ní páàkì, ìlà ni ọ̀gá.

Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ yẹn ló tú gbogbo ẹ̀bẹ̀ fún bọ́ọ̀sì mẹ́jọ ká, nítorí ibẹ̀ ni bàálù àti bọ́ọ̀sì ti yàtọ̀ síra. Bí Ryanair bá gba bàálù tuntun tó ń mú kí ìjókòó dín lówó, wọ́n lè gé owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ì bá jókòó sílé, tàbí tí ì bá wọ ọkọ̀ ojú irin, á wá wọ bàálù. Owó pọ́ọ́kú yẹn ló ń bí èrò tuntun. Ní páàkì wa, ẹgbẹ́ awakọ̀ ló ń dá owó ọkọ̀. Díákónì ò lè gé e kí èrò lè pọ̀. Bí wọ́n bá fi mẹ́jọ kún mẹ́rin, èrò tó ń lọ sí Ìbàdàn kò ní tìtorí rẹ̀ fi ẹnì kan lé sí i. Ìlà nìkan ló máa gùn, ọkọ̀ tó ń ṣe ìkẹrin lónìí á di ìkẹjọ, méjì nínú àwọn tó wà níwájú rẹ̀ á sì jẹ́ ti Díákónì fúnra wọn.

Àwọn tí àdéhùn ńlá pa lára

Nínú ìpàdé kejì, ọ̀kan lára ìgbìmọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà tó pàṣẹ bàálù púpọ̀ tí kò bọ́ sí i. Ó wà. Ní oṣù Kìíní 2012, Norwegian, ilé iṣẹ́ bàálù olówó pọ́ọ́kú ti Nọ́wè, pàṣẹ bàálù 222 lẹ́ẹ̀kan: 122 lọ́dọ̀ Boeing, 100 lọ́dọ̀ Airbus, ilé iṣẹ́ Yúróòpù tó ń bá Boeing du ọjà. Wọ́n tún gbé bàálù ńláńlá lọ sí Amẹ́ríkà àti Éṣíà pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn. Nígbà tí Kòrónà ti ojú òfuurufú pa, owó tó ń wọlé dúró, gbèsè ò dúró. Oṣù Kọkànlá 2020 ni wọ́n sá sábẹ́ ààbò ilé ẹjọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde ní oṣù Karùn-ún 2021, wọ́n ti pa ìrìnàjò ọ̀nà jíjìn tì pátápátá, bàálù tó kù lọ́wọ́ wọn ò sì ju nǹkan bí àádọ́ta lọ.

Ti ilé wa náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2018, Green Africa, ilé iṣẹ́ bàálù Nàìjíríà tí kò tíì gbé èrò kan rí nígbà náà, kéde àdéhùn pẹ̀lú Boeing fún 737 MAX tó tó 100: 50 tí wọ́n gbà, 50 tó jẹ́ ẹ̀tọ́. Ní 2020 wọ́n tún tọwọ́ bọ ìwé ìlérí pẹ̀lú Airbus fún bàálù A220 àádọ́ta. Ìgbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ 2021, ATR 72 mẹ́ta tí wọ́n yá lò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bàálù kékeré onífáànù tó bá pápákọ̀ bí Ìlọrin àti Àkúrẹ́ mu. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Lójú tèmi, ìbẹ̀rẹ̀ kékeré yẹn ló bọ́gbọ́n mu jù nínú gbogbo rẹ̀. Náírà ni èrò ń san, dọ́là ni wọ́n ń fi san owó bàálù. Ẹni tó bá di 100 bàálù mọ́ra nínú irú ọjà yẹn ti fi ọrùn rẹ̀ sábẹ́ iye tí dọ́là bá jí sí láàárọ̀.

Ìyàwó Díákónì, tó wá síbi ìpàdé náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n, ló bèèrè ìbéèrè tó le jù. Wọ́n ní: "Ẹ ní kí gbogbo ọkọ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan. Bí nǹkan bá wá ṣe ẹ̀yà yẹn ńkọ́?" Ó ti ṣẹlẹ̀ sí Ryanair. Ní 2014 ni wọ́n pàṣẹ irú 737 MAX wọn àkọ́kọ́, 2019 ni wọ́n ń retí rẹ̀. MAX ti Lion Air já ní Indonéṣíà ní oṣù Kẹwàá 2018, ti Ethiopian Airlines já ní oṣù Kẹta 2019, èèyàn 346 ló kú nínú méjèèjì. Gbogbo ayé ní kí MAX dúró sílẹ̀. Oṣù Kọkànlá 2020 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó yọ̀ǹda rẹ̀, oṣù Kẹfà 2021 ni Ryanair sì tó rí ẹyọ kan gbà. Wọ́n pẹ́ ní ọdún méjì. Àmọ́ wọ́n lo ìdádúró yẹn: ní oṣù Kejìlá 2020, nígbà tí Boeing ń wá ẹni tó máa dá ojú rẹ̀ padà, wọ́n lọ pàṣẹ 75 sí i.

Irú èyí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kìíní 2002, kò tíì pé oṣù márùn-ún tí wọ́n fi bàálù wó ilé gogoro ní New York, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ń fagi lé àdéhùn, Michael O'Leary tó jẹ́ ọ̀gá Ryanair wọlé tọ Boeing lọ, ó pàṣẹ 100, ó tún gba ẹ̀tọ́ lórí 50. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, ọ̀rọ̀ owó lórí MAX 10 kò wọ̀, wọ́n dìde kúrò nídìí tábìlì, wọ́n sì lọ sílé. Ó lé ní ọdún kan ààbọ̀ kí wọ́n tó padà wá buwọ́ lù ú.

Màmá gbọ́ ìyẹn, wọ́n yíjú sí ọkọ wọn. "Ẹ ò gbọ́? Wọ́n dìde lọ sílé."

Ohun tí a ṣe

Díákónì ò dá oníṣòwò náà lóhùn títí ọdún fi parí. Ó pè, ó tún pè. Ní ìparí oṣù Kìíní, nígbà tí owó iléèwé ọmọ ti gbẹ àpò gbogbo èèyàn tí ọkọ̀ sì ń gba eruku ní ọgbà rẹ̀, èmi àti Màmá tẹ̀ lé wọn lọ sí Ìbàdàn. Ohun tí a lọ bèèrè kò pọ̀: Hiace méjì báyìí, ọdún kan náà pẹ̀lú èyí tó kéré jù nínú tiwa, ẹ̀tọ́ lórí méjì sí i ní iye kan náà títí di ìparí oṣù Kẹfà.

Ó gba ti àkọ́kọ́ láìjanpata. Nígbà tó kan ti èkejì, ó fi ọwọ́ lé orí, ó ní, "Ọ̀gá, dọ́là ò dúró, kí èmi wá dúró?" Mi ò lè sọ pé ó jẹ̀bi. Owó tó fẹ́ fi kó ọjà mìíràn wọlé ń yí lójoojúmọ́, ẹni tó bá dá iye kan mọ́lẹ̀ fún oṣù márùn-ún lè pàdánù. Màmá ló bá a dúnàádúrà. Wọ́n gé e sí ìparí oṣù Kẹrin, a sì san owó ìdádúró lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí a ò ní rí gbà padà bí a ò bá mú ọkọ̀. Ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó tẹ sítáǹpù lé e. Díákónì kùn títí a fi dé Ọ̀yọ́ pé àwọn ti san owó ohun tí kò sí.

A ta ọkọ̀ ẹlẹ́yà mìíràn yẹn kí oṣù Kejì tó parí, pẹ̀lú gbogbo pẹpẹ méjì sípéà páàtì rẹ̀. Ẹni tó rà á, mẹkáníìkì ni. Owó rẹ̀ la fi kún àsansílẹ̀, nítorí náà ohun tí alájẹṣẹ́kù yá Díákónì kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè.

Nípa ìlà páàkì, a ò rí i ṣe ju pé kí a yọ ọkọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀. Hiace kan di ti àkànṣe: akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tí sáà bá parí, òde ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní Sátidé, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ sí ìpàgọ́. Níbẹ̀, Díákónì ló ń dá owó, wọ́n sì lè gé e. Wọ́n gé e lóòótọ́, Sátidé sì kún débi tí ọkọ̀ kan kò tó mọ́.

Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ ohun tí a máa ṣe nígbà tí oṣù Kẹrin parí. Nínú méjì tí a gba ẹ̀tọ́ lórí wọn, a mú ọ̀kan fún òde. A fi èkejì sílẹ̀, nítorí kò sí ibi tó máa lọ ju ìlà páàkì lọ, owó ìdádúró rẹ̀ sì jóná. Díákónì ṣì ń dárúkọ owó yẹn. Iye tí irú ọkọ̀ kan náà ti dà ní ọgbà oníṣòwò náà nígbà yẹn ju iye orí ìwé wa lọ dáadáa, nítorí náà èyí tí a mú fẹ́rẹ̀ẹ́ san owó èyí tó jóná.

Ìgbìmọ̀ ti fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń bèèrè iye ọkọ̀ tí èèyàn fẹ́ rà: wákàtí mélòó ni èyí tí ẹ ní báyìí fi ń dúró lójú kan lójúmọ́?